Chlorine kì í ṣe 36

Olóòtú,

Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ fi ran àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò WAEC lọ́wọ́, ibì kan níbẹ̀ sì dùn mí. Òǹkọ̀wé yín ní oríṣi átọ́ọ̀mù méjì ni chlorine ní, ìwọ̀n wọn jẹ́ 35 àti 37. Ó ní ká ro méjèèjì pọ̀, ká pín in sí méjì, ó di 36. Rárá o! 35.5 ló wà nínú ìwé, kì í sì í ṣe àṣìtẹ̀.

Mushin ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísírì. Tí mo bá ya ohun tí mass spectrometer, ẹ̀rọ tó ń fi ìwọ̀n ya átọ́ọ̀mù sọ́tọ̀, ń gbé jáde sójú pátákó, ìlà òòró méjì ni: ti 35 ga tó ìlọ́po mẹ́ta ti 37. Gíga ìlà ló ń sọ bí irú átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó. Nínú mẹ́rin, mẹ́ta jẹ́ 35, ẹyọ kan jẹ́ 37. 35 lọ́nà mẹ́ta, 105. Fi 37 kún un, 142. Pín in sí mẹ́rin, 35.5 nìyẹn. Kò sí átọ́ọ̀mù chlorine kan ṣoṣo tó wọn bẹ́ẹ̀ nínú iyọ̀ ọbẹ̀ wa.

Ìlà tún lè yọ ní 70, 72 àti 74, torí méjì-méjì ni átọ́ọ̀mù chlorine máa ń so pọ̀. Ibẹ̀ ló ń ba àwọn ọmọ lẹ́rù jù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe nínú ìtẹ̀jáde tó ń bọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ti gé ojú ìwé náà, ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú nóòtù rẹ̀.

Olùkọ́ kẹ́mísírì,
Mushin, Èkó.