Ẹ Má Fi Wáàtì Nìkan Ra Gílóòbù

 

Ọ̀rọ̀ iná ìsọ̀ la mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC gbé owó yúnìtì iná kan fún àwọn tó wà ní Band A láti nǹkan bíi náírà 68 lọ sí náírà 225. Láti ìgbà náà, ẹni tó ń pàtẹ títí alẹ́ tí kò ṣírò iná rẹ̀, iléeṣẹ́ mànàmáná ló ń bá tajà.

Wọ́n ní ká ra LED. Òótọ́ ni. Gílóòbù àtijọ́, ooru ló ń fi èyí tó pọ̀ jù nínú iná ṣe. Ìmọ́lẹ̀ tí wáàtì 60 rẹ̀ ń fúnni, LED wáàtì 9 tó dára á fún wa. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká tan ọ̀kọ̀ọ̀kan fún wákàtí 5 lálẹ́, fún ọgbọ̀n ọjọ́. Wáàtì 60 á jẹ yúnìtì 9, LED ò ní jẹ tó yúnìtì kan ààbọ̀. Bí yúnìtì bá jẹ́ náírà 200, náírà 1,800 rèé, náírà 270 rèé. Gílóòbù kan ṣoṣo nìyẹn o.

Àmọ́ gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ohun mẹ́ta ni kẹ́ ẹ wò lára páálí.

Èkíní ni lumen. Wáàtì dà bí oúnjẹ tí òṣìṣẹ́ jẹ, lumen ni iṣẹ́ tó ṣe. Ẹ fi wáàtì pín lumen. Wáàtì 9 tó ní lumen 810, àádọ́rùn-ún ló ń fún wa lórí wáàtì kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá tó 80, tàbí tí wọn ò kọ lumen sí lára rárá, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Èkejì ni Ra, àwọn mìíràn ń kọ ọ́ ní CRI. Kó má dín ní 80. Ẹ̀yin aláṣọ àti ẹ̀yin onítòmátì, tiyín nìyí. Iná tí Ra rẹ̀ kéré máa ń pa àwọ̀ ọjà dà. Oníbàárà á ra aṣọ lálẹ́, á gbé e padà wá láàárọ̀ pé kì í ṣe àwọ̀ tí òun rí nìyẹn.

Ẹ̀kẹta ni gàràǹtí. Bí wọ́n bá kọ wákàtí 15,000, ó yẹ kó lé ní ọdún 8 bí a bá ń tàn án fún wákàtí 5 lálẹ́. Ẹni tí kò lè fọwọ́ sọ̀yà fún ọdún kan péré lórí risíìtì, ẹ bi í léèrè ìdí.

Ẹ lè dán an wò pẹ̀lú. Iná pupa kékeré kan máa ń ṣẹ́jú lára mítà káàdì. Bí wọ́n bá kọ 1000 imp/kWh sí mítà náà, ẹ pa gbogbo iná yòókù, kẹ́ ẹ tan gílóòbù méjì tí wọ́n pè ní wáàtì 30. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ó yẹ kí iná pupa náà tún ṣẹ́. Bó bá tó ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó tún ṣẹ́, wáàtì 10 ni wọ́n tà fún yín lówó 30.

Èrò tiwa ni pé ká má dá a rà mọ́. Kí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan dáwó, kí ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ ra méjì, kí wọ́n dán an wò lójú gbogbo wa, ká tó gba páálí. Ẹni tówó ò bá ká a, kó pààrọ̀ èyí tó ń tàn pẹ́ jù ní ìsọ̀ rẹ̀ ná.

Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ní ìpàdé. A ò ní tà á láṣedànù o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́