Ariwo Ló Bo Rédíò Wa Mọ́lẹ̀

Ẹni tó bá dàgbà nílé tí rédíò tíránsítọ̀ wà kò ní gbàgbé bí àwọn bàbá wa ṣe máa ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún kí ìròyìn tó mọ́ gaara. Bàbá mi a gbé tirẹ̀ sójú fèrèsé, a yí i díẹ̀, a tẹ́tí, a tún yí i. Àwa ọmọdé a máa rẹ́rìn-ín. Áńtẹ́nà ni bàbá ń darí, kò kàn mọ orúkọ rẹ̀ ni. Ọ̀pá dúdú kékeré kan wà nínú irú rédíò bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ká wáyà tín-ín-rín mọ́ lára. Bí orí ọ̀pá náà bá kọjú sí ilé iṣẹ́ rédíò, ohùn á rẹlẹ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá kọjú sí i, ohùn á dé.

Ọ̀rọ̀ yìí padà sọ sí mi lọ́kàn lálẹ́ ọjọ́ kan ní Ara, lẹ́bàá Ẹdẹ. Iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ ń dún láti ilé dé ilé. Mo tan rédíò kékeré mi sí MW, kìkì ṣùùù ni mo gbọ́. Onílé mi ní, “Ẹ̀gbọ́n, MW ti kú, ẹ gbé fóònù yín.” N kò gbà. Púlọ́ọ̀gì jẹnẹrétọ̀, ínfátà, ṣájà olówó pọ́ọ́kú àti gílóòbù LED ló ń da ariwo sójú afẹ́fẹ́. Ààrá ilẹ̀ olóoru tiwa ń fi tirẹ̀ kún un.

Ìdí nìyí tí àwọn olùfẹ́ rédíò, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìgbowó, fi fẹ́ràn áńtẹ́nà tí a ká bí òrùka. Ìpàdé àgbáyé ní Geneva lọ́dún 2007 fún wọn láyè láàárín 135.7 sí 137.8 kHz, ti ọdún 2012 fi 472 sí 479 kún un. Ìgbì 137 yẹn gùn ju kìlómítà méjì lọ. Áńtẹ́nà tó bá fẹ́ gùn tó ìdajì rẹ̀ yóò lé ní ẹgbẹ̀rún mítà. Ta ni yóò gbé e nàró?

Òrùka kò ní wàhálà yẹn. Ẹ kan igi mẹ́rin pọ̀ bíi férémù fèrèsé, kí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà kan. Ẹ ká wáyà yí i lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, nǹkan bíi mítà 32 ni. Ẹ so kàpásítọ̀ tí a fi ń wá ilé iṣẹ́ nínú rédíò àtijọ́ mọ́ ẹnu wáyà méjèèjì, kí ẹ gbé rédíò yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ti tó fún MW. Ti 137 yóò gba ìyípo púpọ̀ sí i. Kì í ṣe pé òrùka yìí ń gba ohùn ju wáyà gígùn lọ o. Dídi etí ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ jẹ́ kí etí férémù kọjú sí ilé iṣẹ́ rédíò, kí ojú rẹ̀ tó ṣófo kọjú sí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò: ariwo á rọlẹ̀. Àfi bí jẹnẹrétọ̀ bá wà lójú ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ilé iṣẹ́ ọ̀hún, ìyẹn kò gba ètùtù.

Kí ló kàn wá nínú èyí? Lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun já lẹ́bàá Abidjan, ìkànnì ayélujára dákú ní Nàìjíríà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, báńkì ń wo sùn-ùn. Rédíò kò gba ojú okùn kankan kọjá, lálẹ́ sì ni MW máa ń rìn jìnnà jù. Ẹdẹ ní Federal Polytechnic, ó ní Redeemer's àti Adeleke. Mo fẹ́ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ mọ̀nàmọ́ná níbẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ ká òrùka kan kó tó gbàwé jáde, kí àwọn tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ síta lọ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ NCC, kí àjọ náà má sì fi ìdúró sú wọn.

Onílé mi ní Ara ṣì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ti ra wáyà náà. Igi ló kù.