Òṣùwọ̀n tí A Fi Wọn Òyìnbó

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní àsìkò ìkórè, iṣẹ́ ìròyìn gbé mi dé ilé-ìwé kan tí ìjọ Ọlọ́run dá sílẹ̀. Èmi kì yóò dárúkọ ìlú náà, bẹ́ẹ̀ ni èmi kì yóò dárúkọ ìjọ náà, nítorí pé ohun tí mo rí níbẹ̀ kì í ṣe ti ìlú kan tàbí ti ìjọ kan ṣoṣo. Ẹ̀kọ́ Bíbélì ni wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ nínú kíláàsì. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ Ọlọ́run sí ọmọ aráyé ni olùkọ́ ń là yé àwọn ọmọ. Ní ìta, lábẹ́ fèrèsé kíláàsì náà, àwọn ọmọ mẹ́fà jókòó nínú oòrùn, wọ́n gbé ìwé lé orúnkún. Mo bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ṣẹ̀. Èyí tí ó dàgbà jù nínú wọn dìde, ó sì dáhùn pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, a kò tíì san owó ilé-ìwé ni."

Olùkọ́ náà rí mi. Ó wò mí, ó wo àwọn ọmọ náà, kò sì sọ ohunkóhun. Ṣùgbọ́n ó rìn lọ sí ìdí fèrèsé, ó ṣí i sílẹ̀ gbayawu, ó sì gbé ohùn rẹ̀ sókè títí ẹ̀kọ́ náà fi parí, kí àwọn tí ó wà níta lè máa gbọ́. Òfin ilé-ìwé ni ó lé àwọn ọmọ síta, kò sì sí ní ipò olùkọ́ láti yí òfin padà. Fèrèsé nìkan ni ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, a ṣe ìkórè nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí ó wà nínú ọgbà kan náà. A ta iṣu ní gbàǹjo, a ta adìyẹ, a sì dá owó jọ láti fi ra dùùrù tuntun. Èmi pẹ̀lú wà níbẹ̀. Mo ti ọwọ́ bọ àpò, mo sì kọrin títí ohùn mi fi há. Ìgbà tí mo délé ni mo tó rántí àwọn ọmọ mẹ́fà náà.

Ẹ̀yin olùkọ́, àti gbogbo ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa jẹ lógún, kì í ṣe láti fi ìjọ kankan ṣe ẹlẹ́yà ni mo ṣe gbé kálámù mi. Ọmọ ìjọ ni èmi náà. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: nígbà tí a wà lábẹ́ òyìnbó, òṣùwọ̀n kan wà tí àwọn baba wa fi wọn ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ìfẹ́ ni òṣùwọ̀n náà. Wọ́n bi í léèrè pé, bí Ọlọ́run bá jẹ́ Baba gbogbo wa, èéṣe tí ìwọ fi ń lo ọmọ Baba rẹ bí ẹni tí kò ní baba? Òyìnbó kò rí ìdáhùn gidi fọ̀ sí ìbéèrè náà. Láti 1960 ni àkóso ti bọ́ sí wa lọ́wọ́. Ó tó àkókò kí a gbé ara wa sórí òṣùwọ̀n kan náà.

Ta ni kò mọ ìtàn Àjàyí Crowther láàrin wa? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ipò ni a fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà: ọmọ tí a tà lẹ́rú tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ẹ jẹ́ kí a wo apá kejì. Ní 1821 ni ogun kó Òṣoògùn, tí a sì mú Àjàyí, ọmọdé tí kò ju bí ọdún méjìlá lọ, pẹ̀lú ìyá rẹ̀. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní oṣù Kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, a sì gbé e lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Ọdún 25 kọjá kí òun àti ìyá rẹ̀ tó tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta ní 1846.

Àwọn Mùsùlùmí wà lára àwọn tí ó kó Òṣoògùn. Òun tìkára rẹ̀ ni ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ṣe pé ìbínú ni ó gbé dé etí Odò Ọya, ta ni ìbá dá a lẹ́bi? Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di àgbà, ó bá àwọn ọba àti àlùfáà Mùsùlùmí etí odò náà jókòó, ó sì fi sùúrù àti ọ̀wọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀. Kò sì dúró sáàrin àwọn ènìyàn tirẹ̀ nìkan. Ní 1857 iṣẹ́ rẹ̀ fìdí múlẹ̀ ní Onitsha. Ó ṣe ìwé fún èdè Ìgbò àti fún èdè Núpé, kí ẹnikẹ́ni tó pe gbogbo wa ní Nàìjíríà rárá. Ẹni tí ayé fi ìkà hàn, tí ó sì kọ̀ láti fi ìkà san án, ni a lè sọ pé ìfẹ́ Ọlọ́run ti bá pàdé.

Báwo ni a ṣe san oore rẹ̀ fún un? Ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó oníwàásù kan tí wọn kò tó ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ orí dìde sí i ní Onitsha. Wọ́n dá àwọn kan nínú àwọn àlùfáà rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́ níṣojú rẹ̀, bí ẹni pé kò sí níbẹ̀, títí bàbá arúgbó náà fi kúrò nínú ìgbìmọ̀ wọn. Ó kú ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1891, òyìnbó ni a sì fi jọba lórí àga rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dun àwọn ará Èkó wọra. Nínú ọdún 1891 kan náà ni àwọn kan yọ ara wọn kúrò, tí wọ́n sì dá ìjọ United Native African sílẹ̀. Wọn kò kọ Kristi sílẹ̀. Ìwà àwọn tí ó ń pe ara wọn ní ìránṣẹ́ rẹ̀ ni ó sú wọn. Herbert Macaulay, ọmọ tí ọmọbìnrin Crowther bí, ni ó sì gbé ìbéèrè tí ó fara jọ èyí wọ inú ìṣèlú ní Èkó.

Èmi náà ti fi òṣùwọ̀n yìí wọn òyìnbó rí. Nígbà tí mo wà ní ìlú wọn fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ mi, èmi àti ìyá àgbà kan a máa jókòó sórí bẹ́ńṣì kan náà ní ṣọ́ọ̀ṣì, a sì máa kọrin nínú ìwé orin kan náà. Ní ọjọ́ Ajé kan, mo lọ kan ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ láti béèrè yàrá tí ó fẹ́ fi háyà. Ó fi ẹ̀rín sọ fún mi pé ẹlòmíràn ti gbà á. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, páálí tí ó kọ ọ́ sí pé yàrá ṣófo ṣì wà lójú fèrèsé rẹ̀. Mo bínú gidigidi. Mo wí nínú ọkàn mi pé ìfẹ́ obìnrin yìí kò kọjá ẹnu-ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tiwa ńkọ́? Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí a ti ń gbàdúrà láràárọ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ ni ó kọ́kọ́ jí, òun ni ó sì sùn kẹ́yìn. Ó ń gbọ́ àdúrà láti ẹ̀yìn ìjókòó, ó sì mọ̀ pé a kò dárúkọ òun níbẹ̀. Ní ọjà, obìnrin tí ó ń kọrin ìyìn lórí àtẹ rẹ̀ ti lu ìdí kóńgò wọ inú kí gààrí má baà kún un. Ní ọ́fíìsì, akọ̀wé tí ó jẹ́ díákónì jókòó lórí fáìlì arúgbó tí ó fẹ́ gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, títí arúgbó náà yóò fi "rí i." Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Kò sí òyìnbó kankan nínú gbogbo èyí. Àwa ni.

Ẹnìkan yóò sọ pé, "Ọ̀rọ̀ rẹ dára, ṣùgbọ́n a kì í fi orin gbé ilé-ìwé ró. Bí a kò bá gba owó, kí ni a óò fi san owó oṣù olùkọ́?" Òótọ́ ni. Ìjọ tí ó jẹ olùkọ́ ní gbèsè oṣù mẹ́ta kò fi ìfẹ́ hàn, bí ó tilẹ̀ kọ́ gbogbo ọmọ ìlú lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n gbèsè òbí ni owó ilé-ìwé. Èéṣe tí a fi ń gbà á lára ọmọ? Kí a ránṣẹ́ pe bàbá, kí a bá ìyá sọ̀rọ̀, kí a dá ìgbà fún wọn. Ṣùgbọ́n kí ọmọ wà nínú kíláàsì. A kò gbọ́dọ̀ gbàgbé pé ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1955, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì fi owó orí àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò gbé e ró. Bí ìjọba tí kò pe ara rẹ̀ ní ẹni mímọ́ bá lè ṣe èyí, kí ni yóò dí ìjọ lọ́wọ́ láti ya ìdá kan nínú owó ìkórè rẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ tí ó wà nínú ọgbà rẹ̀? Dùùrù lè dúró de ọdún tí ń bọ̀. Ọdún ẹ̀kọ́ ọmọ kì í dúró.

Nínú ìtàn ará Samáríà tí gbogbo wa kọ́ nílé-ìwé, àlùfáà ni ó kọ́kọ́ rí ẹni tí ọlọ́ṣà lù, ó sì kọjá lọ. Ẹni tí ó dúró ni ẹni tí àwọn olùfọkànsìn ìgbà náà kò kà sí ènìyàn Ọlọ́run. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ níṣojú wa ní Èkó ní 2014. Ní oṣù Keje ọdún náà, ọkùnrin kan láti Làìbéríà kó àrùn Ẹ̀bólà wọ ìlú. Wọ́n fúngun mọ́ Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kí ó jẹ́ kí ó máa lọ; ó kọ̀ jálẹ̀, nítorí àìmọye ènìyàn tí kò mọ̀ rí, tí wọn kò sì mọ̀ ọ́n. Àrùn náà mú òun náà, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ènìyàn 20 ni ó ràn ní gbogbo Nàìjíríà, 8 nínú wọn ni ó sì kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá a kéde pé ilẹ̀ wa ti bọ́. Ìran Àjàyí Crowther ni obìnrin yìí. Èmi kò mọ orin tí ó fẹ́ràn láti máa kọ, n kò sì nílò láti mọ̀ ọ́n. Mo mọ ẹnu-ọ̀nà tí ó dúró sí.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni àwọn ọmọ ti kọ́kọ́ ń gbọ́ pé Ọlọ́run fẹ́ràn wọn. Bóyá wọn yóò gbà á gbọ́ tàbí wọn kì yóò gbà á gbọ́, ìṣe yín ni yóò sọ fún wọn, kí ìwé tó sọ. Ẹ̀yin alàgbà ìjọ, ẹ̀yin ni ẹ ṣe òfin, ẹ̀yin ni ẹ sì lè yí i padà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní ìkórè tí ń bọ̀, kí a tó dárúkọ iye tí a fẹ́ fi ra ohunkóhun, kí ẹnìkan dìde, kí ó ka iye ọmọ tí ó wà níta.

Kí Ọlọ́run fún wa ní ojú láti rí wọn.