Ìtọ́jú Àlejò Lórí Ìlà

Lójú tiwa, dídúró kọ́ ni ìyà àlejò. Ìyà rẹ̀ ni kí ó dúró láìjókòó, láìmọ ìgbà tí yóò kàn án, kí ó sì máa wo ẹni tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ bí ó ti ń wọlé ṣáájú. Onímọ̀ kan, David Maister, ṣe àlàyé ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 1985, pé àkókò tí a kò fi ṣe nǹkan a máa pẹ́ lójú ẹni. Ní Disneyland, tí a ṣí ní California ní ọdún 1955, wọ́n a máa ṣe ọ̀nà ìlà lọ́ṣọ̀ọ́, wọn a sì máa kọ iye ìṣẹ́jú tí ó kù sára pátákó.

Ẹ̀kọ́ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Kí àwọn baba wa tó bi àlejò léèrè ohun tí ó bá wá, wọn a ti fún un ní ìjókòó àti omi tútù. Láti ọdún 2005 ni UNESCO ti ka Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo mọ́ ogún gbogbo ayé. Àlejò kò ní tán lọ́dọ̀ wa. Ẹ jẹ́ kí a pèsè ìbòòji, àga, àti ẹni tí yóò máa pìtàn fún wọn níbi gbogbo tí a ti ń gbà wọ́n.

Ṣùgbọ́n òfo ni gbogbo rẹ̀ bí àwa olóyè àti ọ̀mọ̀wé bá ń gba ẹ̀yìn wọlé. Arúgbó, aláìsàn àti aboyún nìkan ni kí a yọ̀ǹda fún. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.