Ìjókòó 375 nínú 376: Kí ni ìbò káńsù ọdún 2025 ń sọ fún ará Ṣàṣá?

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kejìlá, oṣù Keje, ọdún 2025, ni àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀ Èkó, ìyẹn LASIEC, ṣètò ìbò sí àwọn káńsù mẹ́tàdínlọ́gọ́ta tó wà ní ìpínlẹ̀ náà. Nígbà tí Adájọ́-fẹ̀yìntì Bọ́lá Òkikíọlú-Ighile, alága àjọ náà, yóò fi ka èsì tán, ẹgbẹ́ APC ti kó ipò alága mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlọ́gọ́ta, wọ́n sì ti gba ipò kańsẹ́lọ̀ 375 nínú 376. Ẹyọ kan ṣoṣo tó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, agbègbè Yaba ló wà, ẹgbẹ́ PDP ló sì gbé e. Ní Alímọ̀ṣọ́, níbi tí Ṣàṣá wà, káńsù mẹ́fà ni wọ́n pín ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo sí: Alímọ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀, Agbádó/Òkè-Odò, Ayọ̀bọ́-Ìpájà, Ẹ̀gbẹ-Ìdímù, Ìgàndó-Ìkòtún àti Mọ́sàn-Òkúnọlá. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni Onígbáálẹ̀ gbá mọ́ tónítóní.

Ẹni tó bá gbé ní Èkó mọ bí ọjọ́ ìbò káńsù ṣe máa ń rí. Ọlọ́pàá á kéde pé kí mọ́tò má rìn, ọjà á dákẹ́, títì á dá páropáro, àwọn ọmọdé á sì sọ títì di pápá bọ́ọ̀lù. Nínú ìbò ọdún 2025 yìí náà, ohun tí àwọn oníròyìn àti àwọn olùṣàkíyèsí kọ sílẹ̀ jù ni pé àwọn tó jáde kò pọ̀. Bẹ́ẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ kì í ṣe abúlé. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, ìjọba àpapọ̀ ka ènìyàn 1,277,714 níbẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní irọ́ ni, pé iye tí àwọn kà lé ní mílíọ̀nù méjì. Èyíkéyìí tí ẹ bá gbà nínú méjèèjì, kò sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn l'Ékòó tó ní èrò tó bẹ́ẹ̀.

Kí a tó sọ ohun tí èsì yìí túmọ̀ sí, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yà sí òkè òkun díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kan ilé Yorùbá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá péré ṣáájú ìbò Èkó, lọ́jọ́ kìn-ín-ní, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025, àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dìbò sí àwọn káńsù kan. Ọ̀kan nínú wọn ni Kent, ní gúúsù ìlà-oòrùn London. Ó tó ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n gbáko tí ẹgbẹ́ Conservative ti ń ṣe ìjọba ibẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Olórí ẹgbẹ́ náà lákòókò yẹn ni Kemi Badenoch, ọmọ Adégòkè, ẹni tó dàgbà l'Ékòó níbí, tó sì máa ń sọ fáyé gbọ́ pé Yorùbá lòun. Nígbà tí wọ́n ka ìbò Kent tán, ìjókòó márùn-ún péré nínú 81 ló kù fún Conservative. Ẹgbẹ́ Reform UK, tí kò tíì pẹ́ rárá nínú òṣèlú wọn, gba mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ẹ kíyè sí nọ́ńbà yẹn. Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni alága káńsù l'Ékòó, mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni ìjókòó tí àlejò gbà lọ́wọ́ onílé ní Kent. Ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ náà, ìjókòó tí ẹgbẹ́ Badenoch pàdánù lé ní ẹgbẹ̀ta àti àádọ́rin.

Àwọn kan yóò sáré sọ pé, ‘Ẹ ò rí nǹkan! Ti òyìnbó ni ìbò, tiwa ni ìwúre.’ Mi ò bá wọn dé ibẹ̀. Ní Lewisham, ní gúúsù London, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí bí ẹni da omi, ìjókòó kańsẹ́lọ̀ mẹ́rìnléláàádọ́ta ló wà, ẹgbẹ́ Labour sì gba gbogbo rẹ̀ lọ́dún 2018, wọ́n tún gbà á lọ́dún 2022 láìku ẹyọ kan. Ní Barking àti Dagenham, ìjókòó mọ́kànléláàádọ́ta ni Labour kó lọ́dún 2010, 2014, 2018 àti 2022. Nítorí náà, pé ẹgbẹ́ kan kó gbogbo ìjókòó kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni jí àpótí. Ó lè jẹ́ pé ẹgbẹ́ náà ni ará àdúgbò fẹ́ lóòótọ́. APC náà, láti ìgbà AD, ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ l'Ékòó ju ẹgbẹ́ èyíkéyìí lọ, ẹni tó bá sì ní kò rí bẹ́ẹ̀ ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Ṣùgbọ́n ìtàn Barking yẹn ní apá kejì. Lọ́dún 2006, ẹgbẹ́ BNP, àwọn tó kórìíra àlejò, gba ìjókòó méjìlá níbẹ̀. Ẹ̀rù ba àwọn aláwọ̀ dúdú, ó sì ba àwọn òyìnbó kan náà. Nígbà tí ìbò tún dé lóṣù Karùn-ún ọdún 2010, tó bọ́ sí ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ìbò ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, àwọn ènìyàn tú jáde, méjèèjìlá ni BNP sì pàdánù. Bí Labour ṣe kó mọ́kànléláàádọ́ta nìyẹn. Àwọn tó dìbò ló dá a. Èèyàn lè ka ìbò wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, kó rí iye tí olúkúlùkù ní, kó sì mọ ibi tí omi ti ń jò.

Ní tiwa, ohun tó yẹ kó kọ ará Ṣàṣá lóminú ni bí èsì náà ṣe ń tẹ̀lé gómìnà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ní Ọ̀yọ́, lọ́jọ́ 27, oṣù Kẹrin, ọdún 2024, ẹgbẹ́ PDP tí Gómìnà Ṣèyí Mákindé wà ló kó ipò alága káńsù mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélọ́gbọ̀n. Ní Ògùn, lọ́jọ́ 16, oṣù Kọkànlá, ọdún kan náà, APC ti Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún kó gbogbo ogún. Ní Oǹdó, lọ́jọ́ 18, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2025, APC kó méjìdínlógún, kò ku ẹyọ kan. Ní Ọ̀ṣun, lọ́jọ́ 22, oṣù Kejì, ọdún 2025, PDP tí Gómìnà Adémọ́lá Adélékè wà nígbà náà kó ọgbọ̀n. Bẹ́ẹ̀, ní Ọ̀ṣun yìí kan náà, lóṣù Kẹwàá ọdún 2022, nígbà tí Gómìnà Gbóyèga Oyètọ́lá ń palẹ̀ ẹrù mọ́, APC ló kó gbogbo ọgbọ̀n. Bí ọkùnrin kan bá wọ mọ́tò ní Ìbàdàn lọ sí Abẹ́òkúta, ẹgbẹ́ tí ‘gbogbo ènìyàn fẹ́’ yóò ti yí padà kó tó sọ̀kalẹ̀.

Ti ìpínlẹ̀ Rivers tún wá yàtọ̀ pátápátá. Gómìnà Siminalayi Fubara bá ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, Nyesom Wike, jà, agbára PDP sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn ènìyàn rẹ̀ gba inú ẹgbẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ APP jáde. Lọ́jọ́ karùn-ún, oṣù Kẹwàá, ọdún 2024, APP tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí gba káńsù méjìlélógún nínú mẹ́tàlélógún. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ padà fagi lé ìbò náà lóṣù Kejì, ọdún 2025. Ṣé àwọn ará Rivers ló sùn tí wọ́n jí, tí wọ́n sì fẹ́ràn APP lọ́jọ́ kan ṣoṣo?

Ìwé òfin ọdún 1999 ló bí ọmọ yìí. Gómìnà ló ń yan alága àti àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀, àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ gómìnà, ló ń fọwọ́ sí i. Mi ò bú ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó wà ní LASIEC, adájọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì kì í ṣe ọmọdé. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fi jẹ oyè lè ṣe òdodo títí kí ilẹ̀ ṣú, kí àwọn tó pàdánù má sì gbà á gbọ́. Ohun tí ó ń lé ènìyàn sílé nìyẹn.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ l'Ékòó láàárín ọdún méjì àti oṣù díẹ̀. Lọ́jọ́ 25, oṣù Kejì, ọdún 2023, nínú ìbò ààrẹ, Peter Obi ti ẹgbẹ́ Labour ní ìbò 582,454 ní ìpínlẹ̀ yìí, Bọ́lá Ahmed Tinúbú ní 572,606. Ilé Aṣíwájú ni wọ́n ti fi ìbò 9,848 ṣáájú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, nínú ìbò gómìnà, Babájídé Sanwó-Olú gba 762,134, Gbàdébọ̀ Rhodes-Vivour ti Labour gba 312,329, Jandor ti PDP gba 62,449. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ gba 1,136,912, bẹ́ẹ̀ orúkọ tó wà nínú ìwé ìdìbò Èkó lé ní mílíọ̀nù méje. Lọ́dún 2025, ẹgbẹ́ Labour kò rí wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo mú nínú 376.

Wọn kò lè di gbogbo ẹ̀bi yẹn ru APC. Ẹgbẹ́ Labour ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ kí ìbò tó dé, ẹjọ́ ta ni alága àpapọ̀ ló gba gbogbo àkókò wọn. Jandor tó du ipò gómìnà lábẹ́ PDP ti padà sínú APC lọ́dún 2025. Ẹni tó ń wá ibi tí yóò tẹ̀ka sí ní Akówónjọ tàbí Ẹ̀gbẹ́dá, tí kò sì fẹ́ Onígbáálẹ̀, ta ni ó kàn án láago kó tó di ọjọ́ ìbò? Ẹgbẹ́ alátakò Èkó máa ń jí ní oṣù mẹ́ta ṣáájú ìbò gómìnà, wọ́n á sì padà sùn. Kent kò ṣubú lọ́nà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó gbà á ti lọ ojúlé dé ojúlé.

Níwọ̀n bí alátakò ti sùn, inú ìdìbò abẹ́lé APC ni ìbò gidi ti wáyé. Ibẹ̀ ni ariwo ti pọ̀, níbi tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ ti ń wí pé kí wọ́n fẹnu kò sí ẹnì kan, tí inú ń bí àwọn tó ti na owó. Ìyá tó ń ta ata ní ọjà Ṣàṣá, tí kò gba káàdì ẹgbẹ́ kankan, kò sí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá pè é lóṣù Keje, wọ́n ti se ọbẹ̀ náà tán.

Ó tún kù síbì kan, ìyẹn ọ̀rọ̀ owó. Káńsù ogún péré ni ìwé òfin ilẹ̀ wa mọ̀ l'Ékòó. Mẹ́tàdínlógójì yòókù ni Tinúbú dá sílẹ̀ nígbà tó wà nípò gómìnà, tí wọ́n dìbò sí lóṣù Kẹta ọdún 2004, tí Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ fi gbẹ́sẹ̀ lé owó wọn. Lóṣù Kejìlá ọdún náà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ààrẹ kò lágbára láti dá owó dúró, wọ́n sì ní àwọn káńsù tuntun kò tíì gún régé títí àwọn aṣòfin àpapọ̀ yóò fi fọwọ́ sí wọn. Ìgbà tí Umaru Yar'Adua dé, lọ́dún 2007, ni owó náà tó jáde tán. Àwọn aṣòfin kò fọwọ́ sí i, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè wọ́n ní ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè. Owó tó ń bọ̀ láti Àbújá fún Alímọ̀ṣọ́ kan ni àwọn mẹ́fà ń bù jẹ.

Lọ́jọ́ 11, oṣù Keje, ọdún 2024, ilé ẹjọ́ kan náà tún dájọ́ pé tààrà ni kí owó máa lọ sọ́dọ̀ káńsù, kí gómìnà má fọwọ́ kàn án, kí wọ́n má sì san kọ́bọ̀ fún káńsù tí a kò dìbò yàn. Ìdájọ́ yìí ló mú kí àwọn gómìnà máa sáré ṣe ìbò láti ìparí ọdún 2024. Síbẹ̀, ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí ará Èkó ń dìbò, owó náà ṣì ń gba ojú ọ̀nà àtijọ́. Ẹni tó ń dìbò yan alága tí kò di kọ́kọ́rọ́ àpò mú, kí ló fẹ́ torí rẹ̀ dúró sínú òjò oṣù Keje?

Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ wà nílẹ̀ fún un. Gọ́tà, ọjà, gáréèjì, ibi ìsìnkú, ìwé ìbí, títì àdúgbò, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ilé ìwòsàn kékeré, gbogbo rẹ̀ ni òfin kọ mọ́ káńsù lọ́rùn. Nínú ìjọba mẹ́ta tó wà lórí ará Ṣàṣá, káńsù ló ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀ lójúkojú. Tí a bá fi ìkànìyàn ọdún 2006 pín in, kańsẹ́lọ̀ kan l'Ékòó ń ṣojú bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógún ènìyàn. Ní Lewisham, kò tó ẹgbẹ̀rún mẹ́fà.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn tó ní ọmọ tàbí àbúrò nílùú òyìnbó béèrè lọ́wọ́ wọn. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà kí ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé níbẹ̀ lọ́nà ẹ̀tọ́ dìbò káńsù, nítorí pé a wà nínú Commonwealth, kò pọn dandan kó ní ìwé ìrìnnà wọn. Ó lè du ipò kańsẹ́lọ̀ pàápàá bí ó bá kúnjú òṣùwọ̀n, wọn kì í sì gba owó ìdógò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ Ṣàṣá tó dé Peckham lọ́dún kan sẹ́yìn lè wà lórí ìlà ìbò níbẹ̀, kó sì mọ orúkọ kańsẹ́lọ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tó wà nílé, ṣé ó jáde rí? Bí kò bá jáde, ẹ bi í léèrè ohun tó fà á. Ìdáhùn rẹ̀ ni LASIEC àti àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú Èkó nílò kí sáà àwọn tó wọlé yìí tó parí lọ́dún 2029.