Ẹ Ṣílẹ̀kùn Ilé Iná Fún Wa

Ta ní ń gbé etí odò tí ń fi itọ́ fọ ojú? Àwa ni o, àwa tí à ń gbé Ìbẹ̀ṣẹ̀ àti agbègbè Ìkòròdú. Ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Ẹgbin kò jìnnà sí wa, létí ọ̀sà kan náà. Láti 1985 ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ mẹ́fà ni ó wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè pèsè mẹgawáàtì 220. Síbẹ̀, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ariwo jẹnẹrétọ̀ ni à ń gbọ́ sùn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹjọ́ òkùnkùn ni mo wá rò. Ẹjọ́ ìlẹ̀kùn títì ni. Ọ̀pọ̀ wa kò mọ ilé iná kan ju géètì rẹ̀ àti àwòrán agbárí tí wọ́n kọ "Ewu" sí. Nítorí náà, bí iná bá lọ, òṣìṣẹ́ Ẹgbin ni wọ́n ń ṣépè fún. Ẹni ẹlẹ́ni! Gáàsì ni wọ́n fi ń se omi níbẹ̀ kí ooru rẹ̀ lè yí ẹ̀rọ, omi ọ̀sà sì ń tu ooru náà lójú. Iná tó bá jáde kì í yà sílé wa tààrà. Orí wáyà ńlá tó so Nàìjíríà pọ̀ ni ó ń gbà lọ, àwọn mìíràn ni wọ́n sì ń pín in. Bí wọ́n bá mú ènìyàn yí inú ilé náà ká lẹ́ẹ̀kan péré, yóò mọ èyí.

Ẹ wo Lọ́ńdọ̀nù. Ní àdúgbò Islington, wọ́n ṣí ilé kan ní 2020 tí wọ́n ń pè ní Bunhill 2. Fáànù gbàǹgbà kan ń fa afẹ́fẹ́ gbígbóná jáde nínú ihò rélùwéè abẹ́ ilẹ̀. Ẹ̀rọ á gba ooru rẹ̀ láti mú omi gbóná, páìpù á sì gbé e lọ sílé àwọn ènìyàn. Ooru tí ìbá ṣòfò! Èéfín sì dín kù. Ayàwòrán ilé gidi ni wọ́n pè sí i, kì í ṣe ẹni tó kàn máa fi búlọ́ọ̀kù yí ẹ̀rọ ká. Ní ìlú yẹn kan náà, láti 1992 ni wọ́n ti ń ṣe Open House: ilé tí a máa ń tì pa, wọ́n á ṣí i lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n á sì ṣàlàyé.

Ẹnìkan á ní, "Bọ̀ọ̀dá oníwèé ìròyìn, òtútù ló ń pa òyìnbó, ooru ló ń pa àwa." Òótọ́ ni jàre. Oòrùn ni tiwa. Ẹ bi ará Gbamu-Gbamu ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní 2018, pánẹ́ẹ̀lì oòrùn kìlówáàtì 85 ni wọ́n fi mú iná wọ ìlú náà.

Òfin iná ọdún 2023 ti fún ìpínlẹ̀ lágbára, Èkó sì ti ṣe tirẹ̀ ní 2024. Ilé iná kéékèèké lè dé àdúgbò wa. Bí a bá dákẹ́, ògiri gíga àti wáyà ẹlẹ́gùn-ún ni wọ́n á tún fi yí i ká.

Wọ́n á ní olè ni àwọn ń sá fún. Àwáwí lásán! Olè tó ń gé wáyà kì í dúró de ẹni tó máa mú un rìn kiri. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ tí wáyà náà ń ṣe ni í dákẹ́ bí wọ́n bá ń gé e lóru. Ó rò pé ti ìjọba ni.

Bí ti Ìbẹ̀ṣẹ̀ bá dé, ẹ jẹ́ kí ògiri rẹ̀ kan jẹ́ gíláàsì. Kí wọ́n ṣí i ní Sátidé kan lóṣù, kí ọmọ ilé-ìwé girama tí wọ́n ti kọ́ fi Yorùbá ṣàlàyé fún wa, kì í ṣe ẹni tó máa fi gẹ̀ẹ́sì dá wa lágara. Kí iye iná tó wọlé, iye tó jáde àti owó bátìrì wà lára ògiri gbàgàdà. Bí wọ́n bá wá mú bíìlì dé, ìyá ẹlẹ́ja á lè ní kí wọ́n bá òun padà síbẹ̀, kí wọ́n jọ kà á.