Ojú Kì Í Ṣe Ohun Ẹbọ



Ní ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe tó kọjá, 20 oṣù Kẹjọ, a pàdé ní Ìjẹ̀bú-Igbó gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. A bọ Ifá, a jẹ, a mu. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ìlera, àgbà awo kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi dìde. Ó ní ó dun òun pé àwọn ọ̀mọ̀wé inú wa ń sọ Ifá di ẹlẹ́yà. Ó ní òun gbọ́ pé babaláwo kan wà láàárín wa tí ó jókòó ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó gbà kí Òyìnbó máa fi iná ta òun lójú. Ó béèrè pé: “Ẹni tí Ifá fún ní ojú inú, kí ni ó ń wá lọ sọ́dọ̀ oníná?” Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn ni ó mọ̀ pé èmi ni. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Baba, n kò sì fèsì, nítorí n kò lè bá ẹni tó tó bí mi lọ́mọ jiyàn lójú agbo.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a túká, ọkùnrin kan tó ti Àbígí wá fà mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní ìyá òun ní àtọ̀gbẹ, ojú wọn ti ń ṣú, àwọn dókítà sì ti ní kí wọ́n wá gba ìtọ́jú léésà. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú ohun tí Baba sọ yìí, ṣé kí n má mú wọn lọ mọ́ ni?”

Ìbéèrè yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà. Bí ó bá jẹ́ èmi nìkan ni ọ̀rọ̀ Baba bà, ǹ bá gbé e mì. Baba mi, ẹ foríjì mí: ohun tí ẹ sọ kò tọ̀nà, ó sì lè fọ́ ènìyàn lójú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí àwọn tó ń sọ ọ́ kiri kò sí níbẹ̀. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti mọ̀ pé mo ní àtọ̀gbẹ. Mo ń lo oògùn dókítà, mo sì ń mu omi ewúro, láìjẹ́ kí dókítà gbọ́ nípa ewúro, láìjẹ́ kí àwọn awo ẹgbẹ́ mi gbọ́ nípa dókítà. Nígbà tí mo lọ kọ́ni ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kọ lẹ́tà sí mi pé kí n wá ya àwòrán ẹ̀yìn ojú mi. Mo jù wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ojú kò dùn mí, mo ń kàwé, mo ń kọ̀wé. Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo da ọ̀pẹ̀lẹ̀ fún ọmọ awo kan nínú yàrá mi. Mo wò ó, mo ní Èjì Ogbè ni. Mo ti ń kì í lọ nígbà tí ọmọ náà rọra sọ pé, “Ẹ jọ̀wọ́, Olúwo, ẹ tún un wò. Èyí tó kẹ́yìn lápá òsì dojú dé.” Mo tẹrí ba títí imú mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀pẹ̀lẹ̀. Òótọ́ ni. Ogbè Ògúndá ni ó wà nílẹ̀. Ohun dúdú kan bí okùn aláǹtakùn ni ó ń léfòó níwájú ojú mi, ó sì ti bo ẹyọ kan nínú mẹ́jọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ bí ìyẹn ti wúwo tó. Odù jẹ́ 256. Ẹyọ kan tó ṣí tàbí tó dé ni ó ń ya ọ̀kan kúrò lára èkejì, bí odù bá sì ti yàtọ̀, ẹbọ yàtọ̀, èèwọ̀ yàtọ̀. Ojú inú tí Baba ń sọ kò tá mi lólobó pé mo ti ṣìnà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ojú rẹ̀ dá ṣáṣá ni ó sọ fún mi. N kò sì mọ iye ìgbà tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, lọ́dọ̀ àwọn tí kò mọ odù tí wọn ìbá fi tọ́ mi sọ́nà. Èyí ni ó ń dùn mí títí di òní.

Nílé ìwòsàn ni wọ́n ti fi àwòrán ẹ̀yìn ojú mi hàn mí. Ṣúgà tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún gbọọrọ máa ń ba àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín inú rẹ́tínà jẹ́, ìyẹn awọ ẹ̀yìn ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Àwọn kan á máa jò, àwọn kan á dí. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ á máa ké pe ẹ̀jẹ̀, ara á sì hu iṣan tuntun láti dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n iṣan tuntun náà kò lágbára rárá. Á ya, á ṣẹ̀jẹ̀ sínú ojú, ó sì lè fa rẹ́tínà kúrò ní àyè rẹ̀. Kò sí ìrora nínú gbogbo èyí. Nígbà tí ènìyàn bá fi máa rí okùn aláǹtakùn, iṣẹ́ ibi náà ti jìnnà.

Wọ́n kán oògùn tó ń fẹ ojú sí mi lójú, wọ́n kán èyí tó ń pa ìrora, wọ́n ní kí n gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ, wọ́n sì fi awò kékeré kan lé ẹyinjú mi. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé ń bù yẹ̀rì-yẹ̀rì. Ó ń sun etí rẹ́tínà ní àmì kéékèèké, iye wọn sì lé ní 1,000 nígbà tí a fi parí ojú kan, lẹ́yìn ìjókòó mélòó kan. Èrò rẹ̀ ni pé bí apá tí ebi ẹ̀jẹ̀ ń pa bá dákẹ́ igbe, àwọn iṣan burúkú náà yóò rọ. N kò ní purọ́ pé kò dùn mí. Àwọn kan nínú rẹ̀ dà bí abẹ́rẹ́ tó gún ènìyàn lẹ́yìn ojú.

Léésà sì gba nǹkan lọ́wọ́ mi. N kò ríran lálẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí mo bá ti inú oòrùn wọlé, mo ní láti dúró díẹ̀ kí n tó mọ ibi tí àga wà. Èyí tó ti bàjẹ́ kò sì padà. Èyí tó kù ni wọ́n dá dúró. Dókítà sọ gbogbo rẹ̀ fún mi kí n tó fọwọ́ sí ìwé. Ta ni nínú àwọn tó ń polówó oògùn inú ìgò ní gáréèjì, tí ìgò kan ṣoṣo ń wo àtọ̀gbẹ, jẹ̀díjẹ̀dí àti àìrọ́mọbí, tí ó ti jókòó ti oníbàárà rẹ̀ rí láti sọ ohun tí oògùn òun lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Bí a bá ń wá ẹbọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, etí ojú tí mo fi sílẹ̀ kí àárín lè kù fún mi ni. Ojú lódindi tí Baba ń fẹ́ kí àwọn ènìyàn fi gbèjà àṣà kì í ṣe ẹbọ. Ifá kò béèrè rẹ̀.

Wọn a ní, àwa ní ewé. Bẹ́ẹ̀ ni, a ní ewé. Ewúro àti ejìnrìn wà lára àwọn ewé tí àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ wò, tí wọ́n sì rí i pé agbára láti dín ṣúgà ẹ̀jẹ̀ kù wà nínú wọn. Metformin tí dókítà ń fún wa gan-an, inú ìmọ̀ nípa ewéko kan tí àwọn ará Yúróòpù ń lò láyé àtijọ́, tí wọ́n ń pè ní Galega, ni ó ti ṣẹ̀ wá. Jean Sterne, dókítà ará Faransé, ni ó kọ́kọ́ kéde ìlò rẹ̀ fún àtọ̀gbẹ ní 1957. Àwọn baba Òyìnbó náà lo ewé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín. Ẹ sì wo iṣin wa, tí wọ́n gbé lọ sí Jàmáíkà láyé òwò ẹrú. Èyí tí kò tíì pọ́n tí kò sì tíì là ní májèlé kan nínú tó ń já ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì ti pa ènìyàn púpọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá bọ̀wọ̀ fún ewé yóò bẹ̀rù rẹ̀, kò ní máa bù ú fún ènìyàn láìwọ̀n ọ́n.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ewúro, iṣẹ́ ejìnrìn, iṣẹ́ metformin, kí ṣúgà wálẹ̀ ni. Mo ti béèrè lọ́wọ́ àwọn onísègùn àgbà láti Òkè-Sọpẹ́n dé Àgọ́-Ìwòyè. Wọ́n ka ewé ojú pípọ́n fún mi, wọ́n ka ti ojú tó ń sepin. Kò sí ẹni tó dárúkọ ewé tó ń di iṣan tó ń jò nínú rẹ́tínà, kò sì jẹ́ ìtìjú fún wa. Ta ni nínú àwọn baba ńlá wa ni ó rí ẹ̀yìn ojú ènìyàn tó wà láàyè? Òyìnbó pàápàá kò rí i dáadáa títí Helmholtz, ọmọ Jámánì, fi gbé ohun èlò rẹ̀ jáde ní 1851.

Wọn a tún ní, iṣẹ́ Òyìnbó ni. Ní oṣù Keje 1945, oṣù bo oòrùn, àwọn tó tẹjú mọ́ ọn sì fi ojú gbọgbẹ́. Gerd Meyer-Schwickerath, dókítà ojú ní Jámánì, wo irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì rò ó pé bí oòrùn bá lè jó rẹ́tínà, a lè fi ìmọ́lẹ̀ lẹ èyí tó ya. Oòrùn gan-an ni ó kọ́kọ́ lò. Léésà dé ní 1960, ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà sì fi hàn ní 1976 pé irú ìtọ́jú yìí ń dín ìfọ́jú àwọn tí àrùn náà ti le fún kù ju ìlàjì lọ. Ẹ gbọ́ o, n kò ní sọ pé Ògún ló ni léésà nítorí pé irin wà lára ẹ̀rọ rẹ̀. Ó sú mi bí a ṣe ń sáré lẹ orúkọ òrìṣà mọ́ gbogbo ohun tí ẹlòmíràn bá ṣe. Kò di dandan kí ó jẹ́ tiwa kí a tó lò ó.

Ìmọ̀ èdè ni iṣẹ́ mi, ẹ gbà mí láyè díẹ̀ níbẹ̀. Àtọ̀gbẹ: ìtọ̀ tó ń gbẹ ènìyàn. Àwọn Gíríìkì tó pe àrùn yìí ní diabetes, ohun tó ń ṣàn kọjá lára ni wọ́n ní lọ́kàn. Ìtọ̀ kan náà ni àwọn náà rí. Ẹni tó fún un lórúkọ níhìn-ín lajú sílẹ̀ bíi tiwọn. Ṣùgbọ́n orúkọ náà kò dé ojú, kò dé ẹsẹ̀, kò dé kíndìnrín, nítorí náà ni ènìyàn fi ń rò pé bí ìtọ̀ bá ti dínkù, àrùn ti lọ. Ẹ wá wo ìwòsàn: wíwò tí à ń wo nǹkan ni ó wà nínú rẹ̀, wò títí yóò fi sàn. Àyẹ̀wò náà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń lò fún ohun tí à ń ṣe lórí ẹní Ifá àti fún ohun tí wọ́n ń ṣe nílé ìwòsàn. Ọ̀rúnmìlà pàápàá kò sọ pé òun nìkan ni òun tó. Ọ̀sanyìn ni a mọ ewé mọ́, Ọ̀rúnmìlà sì ń bá a ṣe é. Ìgbà wo ni ó wá di èèwọ̀ kí babaláwo sọ pé, “Èyí kọjá ọ̀dọ̀ mi”?

Mo mọ ibi tí ìbínú Baba ti ń wá. Wọ́n pe àwọn baba wa ní abọgibọ̀pẹ̀, wọ́n sun ère wa, ilé ìwòsàn tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ sì jẹ́ ọ̀nà kan láti fa ọmọ wa lọ. Mo mọ̀ pẹ̀lú pé ó rọrùn fún mi láti sọ̀rọ̀. Ní England, wọ́n ń pe gbogbo alátọ̀gbẹ tó ti pé ọmọ ọdún 12 láti wá ya àwòrán ojú ní àkókò tó yẹ. Ní 2014, ìwádìí kan níbẹ̀ fi hàn pé, fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ó kéré tán 50 ọdún, àrùn ojú àtọ̀gbẹ kì í ṣe olórí ohun tó ń fọ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn tó ti iṣẹ́ lójú ní England àti Wales mọ́. Ní ilẹ̀ wa, ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 fi hàn pé nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún àwọn alátọ̀gbẹ tó ti pé 40 ọdún ni ó ti ní àrùn náà lójú. Ta ni ó ń pe ẹni tó wà ní Ìwópin tàbí Mákùn-Omi wá ya àwòrán? Ọkọ̀ ojú omi, ọ̀kadà, bọ́ọ̀sì, kí ó tó rí Ìjẹ̀bú-Òde, kí ó tó wá kan Ṣágámù tàbí Ìbàdàn. Ẹni tó wà nítòsí rẹ̀ ni babaláwo.

Nítorí náà ni n kò ṣe lè dákẹ́. Àwa ni wọ́n ń kọ́kọ́ rí. Bí alátọ̀gbẹ bá jókòó lórí ẹní wa, ẹ jẹ́ kí a bi í léèrè ìgbà tí wọ́n wo ẹ̀yìn ojú rẹ̀ kẹ́yìn. Bí ó bá ti tó ọdún kan, kí a rán an lọ, kí a sì fi í kún ohun tí Ifá ní kí ó ṣe. Ìjọba ìpínlẹ̀ wa ti ń fún wa ní ìsinmi ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, a dúpẹ́. Ẹ jẹ́ kí a béèrè ẹ̀rọ àwòrán ojú kan fún Ogun Waterside pẹ̀lú ohùn tí a fi béèrè ìsinmi náà. Ní ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe tó ń bọ̀, n ó fẹ́ kí àwọn olùtọ́jú ojú gbé àga wọn sí ẹ̀gbẹ́ agbo wa, kí Baba sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò jókòó. N ó di ọ̀pá wọn mú.

Mo bá ọkùnrin Àbígí náà mú ìyá rẹ̀ lọ. Ojú òsì ti lọ. Rẹ́tínà rẹ̀ ti ya kúrò. Nínú ọdún méjì tó ṣáájú, ìgò mẹ́rìnlá ni màmá rà lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń wọ ìlẹ̀kẹ̀ Ifá bíi tiwa. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ léésà ní ojú ọ̀tún. Ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni ìjókòó kejì, màmá sì ti ní kí n da Ifá fún àwọn kí a tó gbéra. N ó dà á. Ọmọ awo mi ni n ó ní kí ó bá mi wo ẹyọ ìsàlẹ̀.